Ọlọ́ṣà Tó Di Òpó Iná

Gbàgà! Gbàgà! Gbàgà!

Àáké ń bọ́ lu ilẹ̀kùn irin Baba Onílé. Ilẹ̀kùn irin ò mì.

"Ẹ ṣílẹ̀kùn," ni Ẹ̀fúùfù, ọ̀gá àwọn ọlọ́ṣà, wí, "kí n tó fi ìbọn kí yín."

Gbàù! Ó yìnbọn sójú ọ̀run, kí wọ́n lè mọ̀ pé òun ò ṣeré.

Láti inú ilé, ohùn Baba Onílé dáhùn jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń bá ayálégbé sọ̀rọ̀. "Ẹ padà wá lọ́la. N kì í gbàlejò bílẹ̀ bá ti ṣú."

Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣú ni. Àwọn tó tibi iṣẹ́ dé ò tíì bọ́ bàtà. Ẹ̀fúùfù fúnra rẹ̀ ló yan àkókò náà. Ó ní gbogbo olè ló ń jalè lóru, pé ọ̀gá gbọ́dọ̀ yàtọ̀ sọ́mọṣẹ́.

Búrẹ́kì sọ àáké kalẹ̀, ó nu òógùn. Géńdé gbàǹgbà ni Búrẹ́kì. Òun ni igbá-kejì Ẹ̀fúùfù, òun ni alárùú ẹgbẹ́, òun náà ló sì ń ki ọ̀gá bí iṣẹ́ bá lọ dáadáa. Lálẹ́ ọjọ́ yìí, kò tíì ki ẹnikẹ́ni.

"Ọ̀gá, ilẹ̀kùn irin míì tún wà lẹ́yìn èyí. Mo gbọ́ ọ. Irin ń dá irin lóhùn."

"Ẹnì kan wá bẹ̀rù tó báyìí?" ni Ẹ̀fúùfù wí. "Kí lòun náà jí?"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kàwé, ẹ bá mi fi ìbéèrè yẹn sápò. A ó padà wá gbà á.

Fíì! Fíì! Fíì! Fèrè àwọn ọdẹ àdúgbò dún lókèèrè.

"Ẹni tó regbó erin tí ò pa erin, kó pa òkété délé," ni Ẹ̀fúùfù wí. Ó wọ̀tún, ó wòsì. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé Onílé, nínú àgò irin kékeré kan, jẹnẹrétọ̀ kan ń ké tùtùtùtù. Wáyà rẹ̀ gun orí òrùlé lọ, ó wọ àárín àwọn wáyà yòókù tó lọ́ mọ́ra bí irun orí wèrè. Kò sẹ́ni tó lè mọ ilé tó ń tanná fún. "Gbé ìyẹn."

"Ó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ọ̀gá."

"Àwa náà ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Gbé e."

Káká! Búrẹ́kì fa ilẹ̀kùn àgò ya. Ó pa ẹ̀rọ náà, ó já wáyà, ó gbé e léjìká.

Níbì kan nínú àdúgbò náà, iná kan kú. Wọn ò mọ ibi tó kú sí. Wọn ò sì bèèrè.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí àdúgbò náà ṣe rí, kí eré tó bẹ̀rẹ̀.

Ilé fara ti ilé níbẹ̀ bí ìgbà tí ọ̀mùtí méjì ń sin ara wọn relé. Bí o bá sín nínú yàrá rẹ, aládùúgbò ni yóò nu imú. Ọ̀rọ̀ tí ọkọ bá sọ fáya rẹ̀ lórí ibùsùn, òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni wọn yóò bá a dá sí i nídìí ẹ̀rọ omi. Ojúlé kan, ilé ìwẹ̀ kan, ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ ènìyàn. Ẹni tó bá ń kánjú níbẹ̀ ń tan ara rẹ̀ ni.

Ọ̀nà wà níbẹ̀ nígbà kan. Mọ́tò méjì ń pàdé lórí ẹ̀, wọ́n sì ń kí ara wọn. Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Onísọ̀ kan yọ àtẹ kan síta, ojú ọ̀nà ò sọ̀rọ̀. Èkejì yọ òrùlé. Ẹ̀kẹta sin òpó. Ọ̀nà ò ní ẹnu tí yóò fi ké, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ní ẹnu ti fi tirẹ̀ jẹ nínú ẹ̀. Báyìí, bí ẹni méjì bá pàdé níbẹ̀, ọ̀kan ní láti bẹ èkejì.

Olórí gbogbo wọn ni Baba Onílé. Nígbà tí kò rí ilẹ̀ kọ́lé sí mọ́, ó wojú ọ̀nà, ó ní ilẹ̀ náà kúkú nìyí. Ọ̀nà tóóró kan wà lẹ́yìn ilé rẹ̀ tó já sí òpópónà kejì. Ọ̀nà Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń pè é. Gbogbo ọmọ àdúgbò ló ti sáré níbẹ̀ rí. Onílé mọ ògiri sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó gbé ilẹ̀kùn sí iwájú rẹ̀, ó kan páànù lé e lórí, ó ní yàrá ni. Ìyá Àbíyè, arúgbó tó ń gbẹ̀bí fún gbogbo àdúgbò, ló gbà á. Yàrá náà gùn bí ọ̀nà, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀nà, nítorí ọ̀nà ni.

Yàrá yẹn niná kú sí.

Aboyún kan ló wà lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀. Láti ọ̀sán ni inú ti ń rún un. Nígbà tí Ìyá Àbíyè gbọ́wọ́ lé ikùn rẹ̀, ojú ìyá náà yí padà.

"Ìgè ni ọmọ yìí. Ẹsẹ̀ ló fẹ́ fi jáde. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kíá."

Wọ́n pe takisí. Takisí dé ẹnu àdúgbò, ó dúró. Pàá! Pàá! Ó fun fèrè títí. Awakọ̀ yọrí síta, ó wo àwọn ìsọ̀ tó kọjú síra wọn bí eyín òkè àti eyín ilẹ̀.

"Ẹ̀yin èèyàn wọ̀nyí," ni ó wí, "ṣé ọ̀nà nìyí ni, àbí pálọ̀?"

Ìsọ̀ tó yọ jù lọ jẹ́ ti onígbàjámọ̀ kan, ìsọ̀ pákó tí wọ́n kùn ní pupa, tí àga ìfárí rẹ̀ àti bẹ́ǹṣì rẹ̀ wà lójú títì gan-an. Onígbàjámọ̀ náà ni ọkọ aboyún. Ó wo takisí, ó wo ìsọ̀ rẹ̀. Kí wọ́n tó gbìyànjú láti pọn obìnrin náà dé ẹnu ọ̀nà, omi ti ya.

"Ó ti bọ́ sọ́wọ́ Ọlọ́run àti èmi," ni Ìyá Àbíyè wí. "Ẹ tan jẹnẹrétọ̀ mi. Bí mo bá ríran, pẹ̀lú àṣẹ Elédùmarè, ẹ̀mí méjèèjì á yè. Bí n ò bá ríran, n ò lè ṣèlérí."

Iná nìkan ló bèèrè. Iná yẹn ni Búrẹ́kì gbé léjìká.

Fíì! Fíì! Fíì!

"Ibẹ̀ yẹn! Ẹ dúró ńbẹ̀!"

Àwọn ọdẹ àdúgbò já síta. Olórí wọn ni Onígbàjámọ̀ tí mo wí yìí. Kò ṣe ṣójà rí, ṣùgbọ́n Jẹ́nẹ́rà ni gbogbo wọn ń pè é, nítorí ó ra fìlà ṣójà kan lọ́jà àlòkù, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń dúró. Ọkùnrin kì í wọ yàrá ìrọbí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lé e síta. Láti ìrọ̀lẹ́ ló ti ń rìn síwá sẹ́yìn bí ajá tí wọ́n tì mọ́ta. Nígbà tó gbọ́ ìbọn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúpẹ́.

Gbàù! Gbàù! Ẹ̀fúùfù yìnbọn. Àwọn ọdẹ dọ̀bálẹ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́, bí ẹni ń kí ọba.

Pá! Pá! Pá! Ìró fèrèsé nìyẹn. Ilé lápá ọ̀tún tì, tòsì tì. Obìnrin kan tó ń sáṣọ gbójú kúrò, ó ń ka àwọn ìràwọ̀. Bàbá kan tó jókòó síwájú ilé fi ìwé ìròyìn bojú, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ ti ṣú. Ẹ̀fúùfù sáré kọjá láàárín wọn, kò sí ojú kan tó bá tirẹ̀ pàdé.

"Ṣé o rí i?" ni ó wí fún Búrẹ́kì. "Kò sẹ́ni tó rí mi. Oògùn yìí ń jẹ́."

Ìgbàdí àfẹ́ẹ̀rí ló wọ̀. Oníṣègùn tó ṣe é fún un ti sọ fún un pé bó bá ti wà nídìí rẹ̀, ojú kankan ò ní rí i. Èèwọ̀ kan ṣoṣo ló ní. "Má fi wọ yàrá tí abiyamọ ti kúnlẹ̀. Bí o bá fi wọ ibẹ̀, ìgbànú lásán ni."

Ẹ̀fúùfù ti rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. "Baba, kí lèmi ń wá lọ síbi tí obìnrin ti ń rọbí? Ṣé mo jọ agbẹ̀bí ni?"

Kò mọ̀ pé kò sẹ́ni tó nílò àfẹ́ẹ̀rí ní àdúgbò yẹn. Gbogbo wọn ló ń ríran títí wọ́n á fi yìnbọn. Bí ìbọn bá ti dún, ojú á fọ́ títí dòwúrọ̀, nítorí ẹlẹ́rìí ni ọlọ́pàá kọ́kọ́ ń tì mọ́lé.

Kìtìkìtìkìtì! Wọ́n ń sáré. Búrẹ́kì ń mí bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ.

"Ọ̀gá, ọ̀nà wo la ń gbà?"

"Fọkàn balẹ̀. Àdúgbò yìí ni wọ́n bí mi sí. Ọ̀nà Ẹ̀yìnkùlé la máa gbà. Bí o bá di mí lójú, màá sá a já. Gíà ń dúró dè wá lódìkejì."

Gíà ni ọmọ ẹgbẹ́ wọn kẹta, òun ló ń wakọ̀. Fóònù dún nínú àpò Ẹ̀fúùfù. Gíà ni.

"Ọ̀gá, mo ti dé òpópónà kejì. Ẹnu ọ̀nà tẹ́ ẹ wí, n ò rí i. Ògiri ni mo ń wò."

"Ògiri wo? Kò sí ògiri ńbẹ̀."

"Ọ̀gá, mo fọwọ́ kàn án."

"Gíà, kí lo mu?"

"Omi ni mo mu, ọ̀gá."

"Lọ mu òmíràn. Má pa ẹ́ńjìnnì." Ó pa fóònù. "Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò mọ ìlú," ni ó wí, bẹ́ẹ̀ ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí òun fúnra rẹ̀ ti tẹsẹ̀ bọ àdúgbò náà gbẹ̀yìn.

Wọ́n yí kọ́nà. Jàùùù! Búrẹ́kì ti jìn sí gọ́tà, tòun ti jẹnẹrétọ̀. Ẹnì kan ló yọ òkúta kan lórí gọ́tà náà, ó fi ṣe àtẹ̀gùn ilé rẹ̀.

"Ọ̀gá, mo ti rì o."

"Gbé ẹ̀rọ yẹn sókè."

"Ọ̀gá, omi ti wọnú ẹ̀. Èmi náà, omi ti wọnú mi."

Àwọn ọdẹ dé. Mẹ́rin fò lé Búrẹ́kì lórí. Jẹ́nẹ́rà fi tọ́ọ̀ṣì wo inú gọ́tà. Ó rí jẹnẹrétọ̀, ó rí àmì funfun tó fọwọ́ ara rẹ̀ kùn sí i lára nígbà tó ń ra epo sí i lọ́sàn-án.

"Ti Ìyá Àbíyè nìyí," ni ó wí. Ohùn rẹ̀ ò jọ ti ṣójà mọ́. "Ìyàwó mi wà nínú òkùnkùn."

Ó bẹ́ sáré. Kì í ṣe olè ló ń lé mọ́. Ọ̀nà kan náà ni òun àti olè kàn jọ ń gbà.

Ẹ̀fúùfù ṣíwájú. Ó rántí gbogbo rẹ̀. Níbí lòun ti ń ta bọ́ọ̀lù onírọ́bà. Níbí ni ìyá òun ti ń fi bàtà lé òun. Yí sọ́tùn-ún lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, yí sósì, Ọ̀nà Ẹ̀yìnkùlé á ṣí sílẹ̀ níwájú bí apá ìyá.

Ó yí sọ́tùn-ún. Ó yí sósì. Ó di ìbọn mú, ó tan tọ́ọ̀ṣì tó so mọ́ iwájú orí, ó fi gbogbo agbára sáré wọ ọ̀nà.

Gbòlà!

Ilẹ̀kùn ló fò. Ẹ̀fúùfù ṣubú wọ inú yàrá.

Ó dìde, ó fẹ̀yìn tì sára ògiri. Kí nìyí? Àtùpà kékeré kan ń ṣẹ́jú lórí àpótí. Obìnrin kan kúnlẹ̀ lórí ẹní, ó di etí bẹ́ẹ̀dì mú, ó ń mí bí ẹni tó gun òkè. Ìyá àgbà kan di ẹ̀yìn rẹ̀ mú. Ìyá ọkọ rẹ̀ nìyẹn, fóònù rẹ̀ tó fẹ́ fi tanná ti kú láti ọ̀sán. Ìyá àgbà kejì kúnlẹ̀ níwájú, ọwọ́ rẹ̀ ń wá nǹkan nínú òkùnkùn bí ọwọ́ afọ́jú.

Kò sí èyí tó pariwo nínú wọn. Wọn ò tilẹ̀ wò ó.

Àfẹ́ẹ̀rí, ni Ẹ̀fúùfù rò. Wọn ò rí mi. Ó há èémí mọ́ àyà. Ó fẹ́ rọra fi ẹsẹ̀ wọ́ kọjá, kó já síta lódìkejì.

"Ìwọ tó o dúró bí ọwọ̀ yẹn," ni Ìyá Àbíyè wí láìwẹ̀yìn, "sún mọ́bí. Fi iná orí ẹ hàn mí."

Ẹ̀fúùfù wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ògiri ló wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ... ẹ̀ ń rí mi ni, mà?"

"Ojú ń dùn mí ni, kò tíì fọ́. Sún mọ́bí. Má mi orí."

Ìgbà yẹn ló rántí ọ̀rọ̀ oníṣègùn. Ìgbàdí tó wà nídìí rẹ̀ tú fúnra rẹ̀, ó já bọ́ sílẹ̀, pàtì, bí aṣọ ìdí ọmọdé. Afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìẹ.

"Ìyá, ọlọ́ṣà ni mí o. Ìbọn wà lọ́wọ́ mi."

"Mo rí i. Gbé e fún ìyá yẹn, kó má bàa dẹ́rù ba ọmọ."

Ìyá ọkọ gba ìbọn náà ní ìka méjì, bí ẹni tó gbá òkú eku mú, ó kì í bọnú garawa aṣọ tí wọ́n rẹ sínú ọṣẹ. Bùlù!

Ẹ̀fúùfù sún mọ́ wọn. Ìmọ́lẹ̀ bọ́ sórí ọwọ́ Ìyá Àbíyè, bọ́ sórí ẹsẹ̀ kékeré kan tó ti yọ. Ọlọ́ṣà yí orí kúrò.

"Orí!" ni Ìyá Àbíyè wí. "Mo ní má mi orí. Ṣé ó ti sú ẹ ni? Àní kí ni mò ń bá ẹ sọ, ìwọ ọmọ tí ò ké nígbà tí wọ́n bí i. Èmi ni mo gbá ẹ nídìí kó o tó sọ̀rọ̀. Mo tún lè gbá ẹ."

"Ẹ mọ̀ mí, mà?"

"Ta ni mi ò mọ̀? Dúró jẹ́ẹ́."

Ó dúró jẹ́ẹ́. Ìyá Àbíyè yí sí ọmọ, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òwú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kì í:

"Ìgè, rọra máa bọ̀.
Àlejò tí ò kanlẹ̀kùn, tí gbogbo ilé ò sùn nítorí ẹ̀.
Ìwọ tó o fi ẹsẹ̀ ṣíwájú, ìrìn lo wá rìn láyé,
o ò ní fi rìn sínú ewu, o ò ní fi rìn lóru ìkà.
Ayé há, àdúgbò wa há jù ú lọ,
fún ara mọ́ra díẹ̀, àyè ń bẹ fún ẹ."

Gbọ̀n! Gbọ̀n! Gbọ̀n! Ìkúùkù Jẹ́nẹ́rà ń lu ara ilẹ̀kùn tí ìyá ọkọ ti gbé padà sójú àyè rẹ̀, tó sì fẹ̀yìn tì.

"Ẹ ṣílẹ̀kùn! Ọlọ́ṣà wọlé síbí!"

"Ọmọ mi, ọkùnrin kì í wọbí," ni ìyá rẹ̀ dá a lóhùn.

"Ìyá mi, ọkùnrin kan wà níbẹ̀!"

"Ìyẹn kì í ṣọkùnrin," ni Ìyá Àbíyè wí. "Òpó iná ni."

Wọ́n gbọ́ tí Jẹ́nẹ́rà ń mí.

"Ìyá, ìyàwó mi ńkọ́?"

Aboyún ló dáhùn fúnra rẹ̀. "Bàbá ọmọ mi, jẹ́ kí òpó ráyè ṣiṣẹ́."

Àwọn ọdẹ jókòó sílẹ̀ níwájú ilẹ̀kùn, tìbọn-tàdá. Ọ̀kan ní kí wọ́n ya òrùlé. Wọ́n ní kó jókòó. Òmíràn bèèrè bóyá ó yẹ kí àwọn máa bá olè náà gbàdúrà. Wọ́n ronú sí i díẹ̀, wọ́n ní kò burú, ṣùgbọ́n kí wọ́n má dárúkọ rẹ̀. Jẹ́nẹ́rà bọ́ fìlà ṣójà, ó fi ń nu ojú. Gbogbo ọkàn rẹ̀ wà lẹ́yìn pákó ilẹ̀kùn yẹn, lórí bí orí ọlọ́ṣà kan ṣe dúró tó.

Lódìkejì ògiri, ẹ́ńjìnnì Gíà ń dún fùrùrùrù. Gíà ti fẹ́ sá. Kò rí àyè. Nígbà tó ń wo ògiri, àwọn ọlọ́jà ìrọ̀lẹ́ ti pàtẹ yí i ká, níwájú àti lẹ́yìn. Obìnrin kan tó ń ta aṣọ àlòkù ti fi ṣẹ́ẹ̀tì kọ́ dígí ọkọ̀ rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì.

"Ẹ jọ̀ọ́, ìyá, mo fẹ́ jáde."

"Bùrọ̀dá, ẹ ní sùúrù. Ọjà ti tà dé ìdí ọkọ̀ yín. Ẹ má mì jù, ẹ ó já ṣòkòtò mi bọ́."

"Ṣé ẹ mọ ẹni tí mo jẹ́?"

"Ẹni tó jókòó sójú àyè mi ni yín."

Nínú yàrá, Ìyá Àbíyè ní, "Ó ku orí. Ìwọ, sún iná wálẹ̀. Bẹ́ẹ̀ yẹn. Ìyàwó, gbogbo agbára tó kù sí ẹ lára, kó o wá. Olúwa, ọwọ́ rẹ lórí ọwọ́ mi."

Òógùn ń kán lójú Ẹ̀fúùfù. Ó ń ta á. Kò nù ún. Ọ̀nà Ẹ̀yìnkùlé tó ti sáré já láìmọye ìgbà, òun ló dúró sí gbagidi yìí, tí kò gbọ́dọ̀ mì.

Ọmọ jáde. Kò ké.

Fàì!

Ìyá Àbíyè ti gbá a nídìí.

"Ìnáà! Ìnáàà!"

Ìta hó. Àwọn ọdẹ fun fèrè, wọ́n yìnbọn sókè, fèrèsé tún tì káàkiri. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ọmọ ni, fèrèsé ṣí. Gbogbo àdúgbò ríran padà.

"Ọkùnrin ni," ni Ìyá Àbíyè wí. "Ìyá rẹ̀ sì ń bú ọkọ rẹ̀, èyí fi hàn pé ara rẹ̀ le. Ẹ bá mi dúpẹ́." Ó gé ìwọ́, ó nu ọmọ, ó wo Ẹ̀fúùfù. "O lè mirí báyìí."

Ẹ̀fúùfù ò mirí. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nujú, ó ní òógùn ni. Lẹ́yìn náà ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde, ó na ọwọ́ méjèèjì sí Jẹ́nẹ́rà. Jẹ́nẹ́rà dè é. Kò mọ bí òun ì bá ṣe lù ú. Ó dè é, ó ní, "O ṣeun," ó tún okùn náà fà kó le.

Sájẹ́ǹtì ọlọ́pàá dé níkẹyìn, ẹsẹ̀ ló fi rìn wọlé, nítorí ọkọ̀ rẹ̀ wà lẹ́nu àdúgbò níbi tí takisí dúró sí lọ́sàn-án. Òógùn bò ó. Àwọn ọmọọ̀ṣẹ́ rẹ̀ mú Búrẹ́kì tó ń rùn ríríríí, wọ́n mú Gíà tí ṣòkòtò àlòkù kan ṣì rọ̀ mọ́ léjìká.

Ìgbà náà ni ilẹ̀kùn irin ṣí, ìkínní, ìkejì, ìkẹta. Baba Onílé jáde nínú aṣọ àrán.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ṣé ẹ rí ògiri mi? Ṣé ẹ rí i pé ògiri mi ló mú olè? Àwọn kan ń kùn nígbà tí mo mọ ọ́n. Ààbò ni mo ń mọ fún yín. Owó ààbò yẹn, mo máa fi díẹ̀ kún owó yàrá lóṣù tó ń bọ̀."

Àwọn kan ti ń kan sáárá sí i. Ẹ̀fúùfù gbójú sókè.

"Baba, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bèèrè nǹkan. Èmi gbé jẹnẹrétọ̀, wọ́n mú mi, ó tọ́. Ẹni tó gbé ọ̀nà ńkọ́?"

Ẹni tó yọ òrùlé wo òrùlé. Ẹni tó yọ òkúta gọ́tà wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ dì í lẹ́nu," ni Baba Onílé wí. "Olè kì í bèèrè ọ̀rọ̀."

"Ẹ jẹ́ kó bèèrè," ni Ìyá Àbíyè wí lẹ́nu ilẹ̀kùn. "Èmi náà wà nínú ẹ̀. Orí ọ̀nà ni mò ń sùn, mo sì mọ̀. Ká ní ọ̀nà ṣí sílẹ̀ lọ́sàn-án, ilé ìwòsàn lọmọ yìí ì bá ti délé ayé, kì í ṣe abẹ́ iná olè."

Sájẹ́ǹtì nu òógùn. Ó ti rìn jìnnà lálẹ́ náà, inú rẹ̀ ò sì dùn. "Ìbéèrè yẹn dáa," ni ó wí. "Ta ló gbé e?"

Nígbà tí wọ́n máa wojú Baba Onílé, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n rí. Ó ti kó aṣọ àrán sókè, ó ń sá. Kìtìkìtìkìtì! Ó yí kọ́nà ilé rẹ̀, ó wọ ọ̀nà kejì.

Gbòà!

Kò sẹ́ni tó lé e. Gbogbo wọn dúró. Wọ́n mọ̀ pé ó ti mọ ògiri síbẹ̀ náà lóṣù tó kọjá, pé òun nìkan ló gbàgbé. Láìpẹ́ ó yọ, ó di iwájú orí mú, ó ń rọra bọ̀ wá bá wọn. Kò sí ọ̀nà míì tó lè gbà.

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Jẹ́nẹ́rà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó gba ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá tó bí òun, ó wò ó pẹ́, ó tún gbé e padà. Lẹ́yìn náà ó rìn lọ sẹ́nu àdúgbò, síbi ìsọ̀ pupa tó yọ jù lọ. Ó gbé bẹ́ǹṣì kúrò lójú títì. Ó gbé àga ìfárí. Ó wá fi èjìká ti ìsọ̀ náà fúnra rẹ̀, ó ń tì í sẹ́yìn, ìsọ̀ ò mì.

Wọ́n ń mú àwọn olè kọjá. Búrẹ́kì dúró, ó wò ó díẹ̀.

"Ọ̀gá ọlọ́pàá," ni ó wí, "ẹ tú mi sílẹ̀ ná, kí n bá a gbé e. Iṣẹ́ mi ni."

Sájẹ́ǹtì wo ìsọ̀, ó wo ọkọ̀ rẹ̀ tí kò lè wọlé. Ó tú u.